Ọkùnrin Alámọ̀ Inú Páálí Muhsinah

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ nípa Muhsinah ni pé ó ní àlùjánnú kan tó ń gbé inú páálí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n ní torí ẹ̀ ni ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Mẹ́kà ṣe lé e wá sí Jẹ́dà. Ẹni tó sọ fún mi kò rí páálí náà rí, ẹni tó sọ fún òun náà kò rí i. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ìdajì tí mi ò gbà ni ti ilé ìwòsàn, nítorí mi ò tíì rí ọ̀gá tó máa torí àlùjánnú pàdánù nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́. Nígbà tó kó wá sí òkè ilé wa ní Ghulail, mo gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín lọ kí i káàbọ̀. Àyátúlù Kúrúsíyù ni mo ń kà lábẹ́ ahọ́n láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Páálí náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò sí lábẹ́ ibùsùn. Àárín pálọ̀ ló wà, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó sì fi ṣe tábìlì tó ń gbé tíì lé.

Ó rí ibi tí ojú mi wà. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti gbọ́, Àlàájà?"

Mo ní, "Kí ni mo gbọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ife kúrò, ó ṣí i. Ìwé ni. Ìwé àwòrán àwọn òyìnbó ni, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí ewé rẹ̀ ti pọ́n, irú èyí tí wọ́n ń fi àwòrán kéékèèké sọ ìtàn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu oníkálukú wà nínú róbótó kan lókè orí rẹ̀.

Ọmọ Ìwó ni Muhsinah. Naheem ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ iná ní èbúté. Mẹ́kà ni Muhsinah ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tó dé, ó gba yàrá ní Al-Ka'kiyah lọ́dọ̀ opó Lárúbáwá kan tó ń jẹ́ Awatif. Ọkọ Awatif ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ epo ní apá ìlà-oòrùn nígbà èwe rẹ̀, ìwé tí wọ́n bá kà tì ló ń kó jọ. Nígbà tí Awatif fẹ́ kó wọn dà nù, Muhsinah ní kí ó fún òun. Ó ní ẹyọ kan lòun kàn fẹ́ yẹ̀ wò kí oúnjẹ tó jinná, ìrẹsì sì jóná mọ́ ìkòkò.

Ìtàn ohun tí ojú kò tíì rí ló kún inú wọn: ọkọ̀ tó ń fò lọ sínú òṣùpá, ẹ̀rọ tó ń ronú, dókítà tó da oògùn pọ̀ tó sì kábàámọ̀. Wọ́n ti tẹ̀ wọ́n jáde nígbà tí èmi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì ni Muhsinah fẹ́ràn jù nínú wọn. Ọ̀kan ni ọkùnrin awakùsà tó jìn sí kòtò, tí gbogbo ara rẹ̀ di amọ̀. Èkejì ni obìnrin tí òjìji rẹ̀ já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ń dá rìn kiri ìgboro. Wọn kò mọ ara wọn. Inú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ìtàn wọn kò gùn, kò sì parí síbi tó dára. Òjò ló pa ọkùnrin alámọ̀, tó ṣàn lọ sódò.

Ní Al-Balad, ọjà àtijọ́ Jẹ́dà, àwọn ìsọ̀ ìwé ń ta ìwé àwòrán mìíràn tí wọ́n ti túmọ̀ sí èdè Lárúbáwá. Ìtàn ẹgbẹ́ akọni márùn-ún ni, inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń gba aráyé là lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ọmọ Ghulail tí kò mọ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ amọ̀. Ọ̀kan ń fi òjìji rẹ̀ jà. Ọjọ́ tí Muhsinah rí i lọ́wọ́ Hafsa ọmọ rẹ̀, ó sáré sọ̀kalẹ̀ wá bá mi bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

"Àlàájà, mo mọ baba ẹni yìí! Ẹ wo fìlà orí rẹ̀. Ẹ wo ti àtijọ́."

Fìlà kan náà ni lóòótọ́. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ ti tuntun ti ka ti àtijọ́, àánú àwọn tí kò rí ẹni bá gbé ṣe é, ló bá kó wọn jọ, ó sọ wọ́n di ẹbí. Mi ò lè búra sí i. Ṣùgbọ́n mo ti rí àáfà tó fi ẹ̀rí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ṣe wáàsí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wá sọ ìwé di iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Hafsa, ilẹ̀ Lárúbáwá níbí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá oúnjẹ àti Yorùbá ìbáwí, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ló fi ń dáhùn méjèèjì. Ní ọjọ́ Iléyá, Muhsinah pe ìyá rẹ̀ ní Ìwó lórí fóònù. Màmá àgbà ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ, ó ń ki í tokuntokun. Hafsa yọ fóònù kúrò létí, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Eesh tigul?" Kí ló ń wí, ìyẹn ni. Màmá àgbà gbọ́ ọ. Ó ní, "Muhsinah, ọmọ ta lo ní kí n bá sọ̀rọ̀ yìí?"

Àdéhùn iṣẹ́ Muhsinah sì ń parí lọ. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, wọ́n ń lọ sílé nìyẹn, ilé màmá yẹn ni wọ́n sì máa wọ̀ sí. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè bá màmá àgbà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ló bá ní kí n yá òun ní pálọ̀ mi ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun aláásárì. Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà, kálukú ti wà nílé ọkọ àti lẹ́nu iṣẹ́, ó ku èmi àti Àlàájì Salaudeen ọkọ mi, òun náà kì í sì í gbà ju àga kan lọ. Hafsa wá, àwọn ọmọ àdúgbò wá. Muhsinah á gbé ìwé lé itan, á máa fi àwòrán hàn wọ́n, á máa sọ ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá. Bó bá dé ibi tó gbóná, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán tó kàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á béèrè. Bí ó bá béèrè ní Lárúbáwá, ọwọ́ kò ní kúrò níbẹ̀ títí tíì á fi tutù. Ní ọjọ́ tí òjò ń pa ọkùnrin alámọ̀, Hafsa wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ títí, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé ó kú?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ náà nìyẹn.

Pálọ̀ yẹn kan náà la ti ń ṣe àsàlátù ní Jímọ̀, Àlàájì Lìádì sì ni olórí wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ti ìwé náà, wọ́n ní málékà kì í wọ ilé tí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí bá wà. Mi ò lè jiyàn, mo mọ hàdíìsì náà. Muhsinah kò jiyàn.

Ó ní, "Baba, kí la lè ṣe sí i?"

Àlàájì Lìádì fúnra wọn ló rántí ohun tí àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ ọmọ ní ìlú yìí: bí ọmọ bá ya ènìyàn, á fa ìlà gba ọrùn rẹ̀ kọjá, á wá dà bí ara tí wọ́n ti gé lórí, tí kò lẹ́mìí. Muhsinah ní òun á fi pẹ́ńsù fà á. Wọ́n ní báírò ni kó fi fà á.

Báyìí ni èmi àti rẹ̀ jókòó tí à ń dúńbú àwọn òyìnbó. A dúńbú awakọ̀ òṣùpá, a dúńbú dókítà àti ọlọ́pàá, a dúńbú ajá. Ó ń dun Muhsinah, mo rí i, ṣùgbọ́n ó ń fà á. Nígbà tó kan ọkùnrin alámọ̀, ó gbé báírò sílẹ̀.

"Àlàájà, amọ̀ ni."

"Ó ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀, a ò sì fọwọ́ kàn án."

Mo rò ó. Ìkòkò amọ̀ pàápàá lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì ní kí n fa ìlà sí tèmi. A fi í sílẹ̀. A fi òjìji náà sílẹ̀, kò lójú, kò nímú.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì Lìádì wá wo iṣẹ́ wa. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Muhsinah gbéra. Àwọn ọmọ tó kù ti ń dúró lórí àtẹ̀gùn, Hafsa nìkan ló jókòó ti ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé títí, wọ́n fi ìka lé ọkùnrin alámọ̀.

"Ìyá Hafsa, mo ní kí o fa ìlà, o fà á, Ọlọ́run á san án fún ọ. Eléyìí ńkọ́?"

"Amọ̀ ni, Baba."

"Kí ni Ọlọ́run fi dá Ànábì Ádámọ̀?"

Ọkọ mi wúkọ́ lórí àga rẹ̀. "Kí wọ́n tó fẹ́ ẹ̀mí sí Ádámọ̀, amọ̀ lásán ni. Ṣé wọ́n ti fẹ́ ẹ sí eléyìí ni?"

"Salaudeen, ó ń sọ̀rọ̀!"

"Rédíò mi náà ń sọ̀rọ̀."

"Rédíò rẹ kì í sunkún. Wò ó, ó ń sunkún níbí."

"Níbo? Ẹ jẹ́ n rí i." Ọkọ mi wá awò rẹ̀, ó fi sójú. "Òjò nìyẹn. Òjò ló ń pa á."

Muhsinah ní, "Ẹ fún mi ní báírò, Baba, kí n fà á. Àwọn ọmọ ń dúró."

"Má fà á!" Ọkọ mi ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Bí kò bá lẹ́mìí, o ti bàwé jẹ́ lásán nìyẹn."

Àlàájì Lìádì ní, "Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ òtítọ́. Nínú ti tuntun, ó ti gbéyàwó. Ta ni yóò fọmọ fún ohun tí kò lẹ́mìí?"

"Ti tuntun kọ́ nìyí."

"Ẹnì kan náà ni! Wo fìlà rẹ̀."

"Ìyá Hafsa ní baba rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ baba rẹ̀, ó jogún fìlà ni."

"Ọmọ ẹni tó ṣàn lọ sódò ń jogún fìlà?"

Muhsinah tún dá sí i, ohùn rẹ̀ kò ga. "Baba, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún àwọn ọmọ?"

"Kò sẹ́ni tó máa sọ̀tàn inú páálí yìí títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Màá kọ̀wé sí àáfà wa ní Ìlọrin."

Lẹ́tà tó ń lọ sí Ìlọrin nígbà yẹn, bí ó bá yá, oṣù kan ni. Muhsinah á ti dé Ìwó kí èsì tó dé. Hafsa fa ìyá rẹ̀ láṣọ, ó ní, "Mama, wọ́n ṣì ń jà?" Ní Yorùbá ni. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò gbọ́, nítorí ọkọ mi ti rí eyín lẹ́nu ọkùnrin alámọ̀, ó sì ń béèrè irú amọ̀ tó ń hu eyín.

Muhsinah dìde. Ó ti páálí náà sọ́dọ̀ wọn, ó fa àbáyà rẹ̀ wọ̀.

"Ẹ mú un, Baba. Mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí."

"Jókòó, Ìyá Hafsa, a ò tíì parí."

Ó ti di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó ṣílẹ̀kùn, mo sì gbọ́ tí gbogbo ẹsẹ̀ orí àtẹ̀gùn yí padà tẹ̀ lé e lọ sí orí òrùlé níbi tí a ń sá aṣọ sí. Àlàájì Lìádì ní kí n lọ pè é. Ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ bá òun gbé fìtílà sún mọ́ eyín náà.