Olú Inú Ìkòkò Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílùú Ìgbó-Ọrà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n nà mí nítorí olú kan ṣoṣo. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kọ́kọ́ nà mí nítorí pé mo jí i jẹ. Tíṣà mi wá nà mí ṣìkejì nítorí pé mo pè é ní ẹran. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ mọ bí pankẹ́rẹ́ ayé ìgbà náà ṣe ń ta, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí.

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, Ìyá Àgbà á kó wa lọ sóko wọn lọ́nà Ìdèrè láti wá olú nídìí ọ̀gán. Àwa ọmọdé la máa ń tètè rí i, nítorí ojú wa sún mọ́lẹ̀. Ó máa ń funfun, á fẹ̀ bí àwo, á sì máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Tí a bá délé, Ìyá Àgbà á fi omi iyọ̀ ṣàn án, wọ́n á sè é mọ́ ọbẹ̀ ìlasà tí wọ́n fi irú sí. Ká má tíì sọ ti adùn rẹ̀, wàhálà wà níbi pínpín.

Nílé wa, ẹ̀fọ́ ò lẹ́jọ́, bu èyí tó bá wù ọ́. Ẹran la máa ń pín, àgbà ló sì ń kọ́kọ́ mú. Bí ẹran náà la ṣe ń pín olú. Ìyá Àgbà á mú, bàbá mi á mú, ìyá mi á mú, títí yóò fi kan èmi tí mo kéré jù, tí mo ti ń fi ojú sin gbogbo rẹ̀ bọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti ọwọ́ bọ ìkòkò, mo mú èyí tó tóbi jù. Ìyá Àgbà bá mi níbi tí ẹnu mi ti ń yọ èéfín. Wọ́n nà mí, wọ́n sì ń pè mí ní olè ẹran títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Tíṣà wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wá láti Èrúwà, kọ́ wa pé ọ̀nà méjì péré ni àwọn onímọ̀ pín gbogbo ohun ẹlẹ́mìí sí: ẹranko àti ewéko. Tíṣà fa ìlà sáàárín bọ́ọ̀dù. Ewúrẹ́, ẹja àti eèrà wà lápá kan, iṣu àti ọsàn wà lápá kejì. Wọ́n ní àwọn yóò fi ohun mẹ́wàá dán wa wò, ká kọ apá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tó bá sì gba gbogbo rẹ̀ ni yóò máa lu aago ilé-ìwé títí táàmù á fi parí. Aago yẹn wù mí ju aṣọ ọdún lọ. Mo ti ń fi ṣíbí lu abọ́ nílé kó lè mọ́ mi lọ́wọ́.

Mẹ́sàn-án ni mo gba nínú mẹ́wàá. Olú ni ìkẹwàá. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ ewéko ni, kí ló dé tí wọ́n fi nà mí? Mo kọ ẹranko. Ládípọ̀ tó jókòó tì mí kọ ewéko, ó sì gba aago. Tíṣà bi mí bóyá mo ti rí olú tó ń sáré rí. Mo ní rárá, pé Ìyá Àgbà ló ní ẹran ni. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Tíṣà sì fún mi ní ẹgba mẹ́ta, pé mo ń bá ìwé jiyàn.

Ìyá Àgbà ni mo bínú sí. Mo bá wọn yodì, mi ò jẹun, títí wọ́n fi fọgbọ́n gbọ́rọ̀ náà lẹ́nu mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fi ewé di olú kan, wọ́n gba ilé-ìwé lọ.

"Tíṣà, ẹ káàárọ̀ o. Ta ló gbin èyí?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, Màmá. Ó kàn hù ni."

"Ewé rẹ̀ dà?"

"Kò ní, Màmá."

"Tó bá ti bàjẹ́, bíi kí ni ó ń rùn?"

Tíṣà fọwọ́ họrí. "Bí ẹran ni, Màmá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bá a nínú ìwé nìyẹn."

"Bí ẹran la ṣe ń pín in, Tíṣà, torí ó wọ́n. Èmi ò sọ pé ó ń rìn. Ó dá dúró láyè ara rẹ̀ ni. Ẹ bá mi sọ fún ìwé yín."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gba olú náà. Wọn ò gba aago lọ́wọ́ Ládípọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọ ọmọ mi ń ka ìwé rẹ̀ sí mi létí. Àwọn onímọ̀ ti tún ilé pín. Ó ju ọ̀nà méjì lọ báyìí, olú sì ti ní agbo tirẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní ó bá ẹranko tan ju ewéko lọ. Mo ní kó tún un kà. Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́, ó sì dùn mí pé mo bá wọn yodì lórí ohun tí wọ́n mọ̀.

Láyé ìsinsìnyí, inú ọ̀rá ni wọ́n ń di olú sí, a sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì. Àwọn ọmọ ilé mi máa ń ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ni, kò sẹ́ni tó ń jí i, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń nà. Lọ́jọ́ tí a ka ìwé yẹn, mo sè é mọ́ ìlasà, mo sì pín in bí a ṣe ń pín in nílé wa. Mo mú èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún àgbà ilé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni.