Ọbẹ̀dò Inú Gíláàsì Bàbá Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé ìró omi ní í jí mi láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí gíláàsì tó wà lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ bàbá ọkọ mi ní àdúgbò Sawaba, ní ìlú Kumasi. A máa dún búlúbúlú bí ẹni tó ki akèrègbè bọ odò. Bí mo bá yọjú, màá bá Bàbá lórí àga níwájú rẹ̀, wọ́n á ti kírun àsùbáà tán, tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì tẹjú mọ́ ẹja kan ṣoṣo tó wà nínú omi iyọ̀ náà. Mo rò pé àsíkìrì ni wọ́n ń ṣe. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, ìyàwó tuntun ni mí, n kò tíì lò tó ọdún kan tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Kí ni mo mọ̀?

Ẹja náà ní ìtàn. Abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni Bàbá ń tà ní ọjà Asafo. Òyìnbó kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé ìlagi kan lọ́nà Anloga jẹ́ oníbàárà wọn, nítorí fúnra rẹ̀ ló ń rán aṣọ rẹ̀ tó bá ya. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀, ó kó àpótí gíláàsì, òkúta inú rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀, àti ẹja tó mú láàárín àpáta létí òkun Takoradi fún Bàbá. Ẹja ọ̀hún kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí epo, ilà dúdú márùn-ún sì gba ìhà rẹ̀ kọjá, àfi bí ẹni pé olóòlà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣi ara kọ dípò ojú. Bàbá ní ọmọ ilé ni. Òkun kò sí ní Kumasi, nítorí náà awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Takoradi ní í bá wa bu omi rẹ̀ wá nínú gálọ́ọ̀nù.

Èmi ni wọ́n fa ẹja náà lé lọ́wọ́, kí n máa bu omi kún un, kí n sì máa fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n nílé Bàbá, a kì í jẹun kí ẹlòmíràn máa wò wá lẹ́nu. Àlejò tó bá bu búrẹ́dì sẹ́nu á bu díẹ̀ sínú omi. Ẹni tó ń jẹ àkàrà á ju èérún sí i. Sàráà ni. Oòrùn àárọ̀ náà ń ti ojú fèrèsé wọlé, ó ń ṣe sàráà tirẹ̀. Kò pẹ́ ni ọbẹ̀dò bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ohun yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ tó máa ń hù lára ìkòkò omi yẹn. Ó kọ́kọ́ bo òkúta bí irun orí ọmọ tuntun, ó wá gun gíláàsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o: inú mi ń dùn! Lójú mi, ibi tó bá tutù lẹ́ja ń gbádùn. Mo tilẹ̀ pe ọkọ mi kó wá wò ó pé ọwọ́ mi tutù, ó sì yìn mí.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá pè wá jókòó. Wọ́n ní ojú àwọn ti ń lọ. Wọ́n ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún bàbá tó bí wọn náà nìyẹn, ìkùukùu bí àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ó ṣókùnkùn pátápátá. Afọ́jú kò lè máa ta abẹ́rẹ́. Ẹnìkan tó fẹ́ gba ìsọ̀ náà máa wá san owó rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo wa á sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ mi, tí wọ́n bí sí Kumasi, wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má baà rí ayọ̀ lójú mi ni. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti di ẹrù mi tán lọ́kàn, mo ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àtìní, mo gbé omi gbígbóná lọ fún Bàbá. Mo bá wọn tí wọ́n na ìka sí gíláàsì.

"Ọ̀kan… èjì… Ìyàwó, n kò rí ju méjì lọ mọ́."

"Méjì kí ni, Bàbá?"

"Ilà ara rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo fi ń dán ojú mi wò. Bí mo bá ti ka márùn-ún, mo mọ̀ pé mo lè lọ ọjà."

Mo wo ẹja náà. Ojú ọmọ ogún ọdún ni mo fi wò ó, èmi náà kò rí ju méjì lọ. Ọbẹ̀dò ló bo ìyókù. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá: ìbẹ̀rù ohun tó ṣe bàbá wọn kò jẹ́ kí wọ́n fura sí gíláàsì. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Mo gbé ife kalẹ̀, mo jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́. Ní Àlàmísì, mo gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá ní Asafo. Wọ́n ń pín ọjà ọwọ́ wọn fún àwọn télọ̀ àgbàlagbà, páálí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ máa fi rántí mi." Bàbá télọ̀ kan kọ̀, kò gbà á, ó kàn di ọwọ́ wọn mú, kò sì fi sílẹ̀. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá Fante kan tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ etíkun, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀dò náà fún un ní ìwọ̀n Twi tí mo gbọ́.

"Ei, ìyàwó Alátá!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. "Ta ní ń jẹ gbogbo oúnjẹ tí ẹ ń dà sómi?"

"Ẹja ni, Mààmé."

"Ẹja kan ṣoṣo? Daabi, rárá o! Ọbẹ̀dò lẹ̀ ń bọ́! Létí òkun wa, ibi tí a bá ń da ìfun ẹja sí ni àpáta ti í hùrun. Ibi tí ìgbín òkun bá ti ń rìn, á mọ́ bí àwo. Ẹ febi pa ọbẹ̀dò náà díẹ̀, ẹ ta aṣọ sí fèrèsé kí oòrùn má wọlé, kí o sì ha á kúrò. Àbí wúrà ni ọwọ́ rẹ?"

"Ṣé kí n fi ọṣẹ sí i?"

"Fi sí i. Tó bá dalẹ́, kí o bu ata, kí o se ọbẹ̀ rẹ̀."

Mo sáré délé. Mo fi kànìnkàn tuntun ha gíláàsì náà, omi dàrú bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá òkúta. Mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá àti ní Twi. Mo gbọ́n ìlàjì omi náà dànù, mo da omi òkun tuntun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí Bàbá fi ti ọjà dé, ẹja ti fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta. N kò mọ̀ bóyá ó máa rí àárọ̀.

Lówùúrọ̀ Jímọ̀, mo gbọ́ ohùn wọn. "Ìyàwó! Wá bá mi kà á."

"Márùn-ún ni, Bàbá."

"Márùn-ún lèmi náà rí."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dákẹ́.

"O fẹ́ gbé mi délé bí afọ́jú, tí ojú mi méjèèjì là kedere?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. "Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Èmi ni mo ń ríran tí mo ń sunkún! Ilé wá ń wù ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Bàbá dá ẹni tó fẹ́ gba ìsọ̀ padà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, wọ́n ní kí ọkọ mi mú mi lọ sílé fún oṣù kan. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, mo ti ń bi ọkọ mi pé ta ní ń ha gíláàsì Bàbá.

Awakọ̀ bá wa mú ìgbín òkun wá, àlejò kò ju èérún sómi mọ́. Ọdún mélòó kan kọjá. Ẹja àkọ́kọ́ ti lọ, irú rẹ̀ mìíràn ti gba ipò rẹ̀, nígbà tí Bàbá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ìyàwó, n kò rí ilà náà." Mo dìde, mo nu gíláàsì nínú, mo nù ún lóde. Ó ti mọ́ kí n tó nù ún. Mo tún un nù lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí n kò rí ibi tí mo tún lè nù mọ́, mo fa àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní, "Apá ọ̀tún òkúta ló wà, Bàbá. Ó kọjú sí yín." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe láràárọ̀ títí wọ́n fi dágbére fáyé.

Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kò padà lọ gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà náà, èmi tí ilé ń wù tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí ní àsùbáà, tí ilé dákẹ́ rọ́rọ́, mo mọ ohùn tí mò ń retí, ti Bàbá, bí wọ́n ṣe máa ń bi mí láràárọ̀ nígbà ayé wọn. "Márùn-ún ṣì ni, Ìyàwó?" Màá ní márùn-ún ni, Bàbá, wọ́n á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé.