Ojú Ọmọ Kì Í Ṣe Pátákó Ìpolówó

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Eneida Riascos fi jẹ́ agbaninímọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Puerto Amparo, létí òkun Pàsífíìkì ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà. Nínú alága márùn-ún tó bá ṣiṣẹ́, kò sí ẹyọ kan tó mọ ibi tí yàrá rẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì owó orí ni, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kì í sinmi nílùú náà, ike mẹ́ta ló máa ń gbé kalẹ̀ láti fi gbe omi tó ń jò. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Ìyá àwọn jàgùdà ń bọ̀ o!" Eneida á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbà pé ẹni tó ń pe ọmọ ní jàgùdà kò tíì jókòó ti ọmọ náà rí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Tí ọmọ kan bá wọlé, kò ní bi í léèrè ohunkóhun. Á da ọmọ ayò dòmínò sórí tábìlì, wọ́n á jọ máa ta á. Bí ayò bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ náà á ṣàdédé sọ pé, "Tíṣà, ẹnì kan fẹ́ kí n bá òun gbé nǹkan." Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ohun tó o bá sọ níbí, inú mi ló máa gbé." Wọ́n sì gbà á gbọ́, torí ọ̀rọ̀ kan ò jò láti yàrá náà rí.

Yirlesa ló pẹ́ jù nínú wọn kó tó la ẹnu. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Màmá Visitación, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló ń tọ́ ọ nínú ilé onípákó tó dúró lórí òpó nínú omi. Àwọn ọmọ ìta tó gba àdúgbò wọn ló ń fi báàgì ìwé rẹ̀ kó ìbọn kọjá níwájú àwọn sójà, torí sójà kì í tú báàgì ọmọdébìnrin tó wọ aṣọ ilé ìwé. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Eneida fi ń fà á jáde. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí Yirlesa sọ fún àwọn ọmọ náà pé ara ìyá àgbà òun ò yá, òun ò lè máa rìn kiri mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ó padà sí ilé ìwé, ó sì ń kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì lọ́sàn-án. Ohun kan ṣoṣo tó ń dáàbò bò ó ni pé kò sẹ́ni tó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọba rí.

Àsìkò yìí ni Fanor Quiñones yọjú. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ni. Dókítà ni gbogbo wọn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọ̀gá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò wo orí fífọ́ kan sàn rí.

"Màmá Eneida, Alága fẹ́ ṣe àwọn ọmọ yín lálejò," ló wí. "Oúnjẹ ọ̀sán lásán ni. Ẹ kó wọn wá."

"Ṣé ẹ máa ya fọ́tò?"

"Ẹyọ kan péré, fún fáìlì."

"Dókítà, ẹ wò mí lójú. Fáìlì nìkan?"

"Màmá, mo fi ìyá mi búra."

Eneida tún bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún búra. Ó kó ọmọ mọ́kànlá lọ. Wọ́n jẹ ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè, wọ́n fún wọn ní fìlà funfun. Lẹ́yìn oúnjẹ, Alága Wilmar Obregón gbé ọwọ́ lé Yirlesa léjìká, ó ní kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo Eneida. Eneida mi orí sí i pé kò séwu. Orí tó mì yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Màmá Visitación já wọ yàrá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn, ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

"Eneida, dìde. Wá wo ohun tí wọ́n fi ọmọ mi ṣe."

Ẹnu afárá tó wọ ìlú ni wọ́n gbé pátákó náà sí, ó ga ju òrùlé ilé lọ. Alága ń rẹ́rìn-ín, Yirlesa wà lábẹ́ apá rẹ̀, àwọn mẹ́wàá yòókù tò sẹ́yìn wọn. Wọ́n fi lẹ́tà pupa gàdàgbà kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ÌBỌN LÓ Ń GBÉ TẸ́LẸ̀, ALÁGA OBREGÓN LÓ GBÀ Á LÀ. Èyí tó dun Eneida jù ni pé wọn ò tiẹ̀ mọ ìtàn ọmọ náà. Ẹnì kan ló jókòó sí ọ́fíìsì, tó hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tó máa dùn létí olùdìbò, tí irọ́ rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ òótọ́. Ta ló máa wá sọ fún àwọn ọmọ ìta pé kì í ṣe Yirlesa ló lọ ròyìn fún ìjọba?

Ó bá Fanor ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń mu kọfí.

"Ẹ sọ pátákó yẹn kalẹ̀. Lónìí olónìí!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ìbò ku oṣù méjì. Tí wọ́n bá ti dìbò tán, a máa sọ ọ́ kalẹ̀."

"Oṣù méjì? Kí wọ́n ti pa á sin?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò yẹn dáa, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀."

Ọ̀wọ̀ tí Eneida ń fún un ti tán. "Ìwọ Fanor! Ìwọ tó o fi ìyá rẹ búra fún mi! Ìyá wo lo fi búra?"

"Dókítà lẹ máa pè mí o."

"Dókítà kí ni? Ta lo wò sàn rí?"

Ó gba ọ̀dọ̀ Alága lọ. Ìdúró ni ìyẹn gbà á, kò ní kó jókòó. "Ọmọ mélòó nílùú yìí ni ojú ẹ̀ tóbi tó báyẹn rí?" ló bi í. "Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wá dúpẹ́." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí pátákó gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin méjì gun ọ̀kadà dé ẹnu pákó tó wọ ilé Màmá Visitación. "Ìyá àgbà, ara yín mà ti yá!" ni ọ̀kan wí. "Ọ̀rẹ́ Alága dà? Ẹ bá wa sọ fún un pé a ti rí fọ́tò ẹ̀. Ó rẹwà gan-an." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ìyá náà ránṣẹ́ sí Eneida lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tí Eneida gbọ́, kò padà lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ilé Silvio, akunlé tó ń kọ àkọlé sára ṣọ́ọ̀bù, ló gbà lọ. Ó ní kó yá òun ní àkàbà tó gùn jù lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọ̀dà funfun.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ pa ojú ọmọ kan rẹ́."

Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń gbéṣẹ́ fún Silvio jù. "Mi ò ní bá yín débẹ̀ o," ló wí. Síbẹ̀, òun náà ló gbé àkàbà lé èjìká, tó gbé e dé ìdí pátákó, kó tó yára bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, ọjọ́ ọjà sì ni. Ojú gbogbo ayé ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta yìí ti ká yẹ̀rì rẹ̀ mọ́ orúnkún, tó gun òkè. Ó fi ọ̀dà bo ojú Yirlesa. Ó sún àkàbà, ó gun ún padà, ó ń bo ojú àwọn mẹ́wàá yòókù níkọ̀ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. "Ojú ọmọ kì í ṣe ọjà!" ló ń pariwo. "Ẹ lọ fi ojú ọmọ tiyín ṣèpolówó!" Èrò pé jọ. Àwọn kan ń ṣépè fún Alága, àwọn kan ní orí obìnrin náà ti dàrú.

Ọlọ́pàá kékeré kan sáré dé. "Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ̀ ń ba dúkìá ìjọba jẹ́!"

"Ọmọ mi, di àkàbà yẹn mú dáadáa, ó ń mì," ni Eneida wí. "Ojú ọmọ méjì péré ló kù."

Ọlọ́pàá wò ó, ó wo èrò, ó di àkàbà mú. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ tán ló tó mú un lọ sí àgọ́.

Ní gbogbo àsìkò tí ojú ìlú wà lára pátákó, Màmá Visitación ti mú Yirlesa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lókè odò, ìrìn wákàtí mẹ́fà. Báàgì kan ṣoṣo ló gbé. Ṣé bó ṣe yẹ kí ọmọ fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tó jalè, torí kí ẹnì kan lè wọlé ìbò?

Wọ́n fi Eneida sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìbáwí pè é. Fanor wà lára wọn, kò gbé ojú sókè. Wọ́n bi í bóyá ó kábàámọ̀.

"Mo kábàámọ̀ púpọ̀," ni Eneida wí. Inú wọn ti ń dùn. "Mo kábàámọ̀ pé mo kó àwọn ọmọ náà wá jẹ oúnjẹ yín."

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Kí oṣù náà tó pé, wọ́n ti gbé pátákó tuntun síbẹ̀, ti Alága nìkan. Ó sì wọlé ìbò.

Nígbà tí Eneida padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ méjì péré nínú àwọn mọ́kànlá ló tún wá. Deiver, ọ̀kan nínú àwọn tí kò wá mọ́, pàdé rẹ̀ létí omi, ojú rẹ̀ le koko.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kó wa lọ síbẹ̀."

"Òótọ́ ni, èmi ni."

"Ẹ ní kò séwu."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tàn mí, èmi náà sì tàn yín. Má dárí jì mí tí kò bá tíì wá láti inú rẹ."

Ọmọ náà wò ó, bí ẹni tó ti múra ìjà sílẹ̀ tí kò rí ẹni bá jà. Ó ṣíjú sí omi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Eneida kọ ìwé ẹ̀sùn, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí olú ìlú ẹkùn wọn, ó mú un fún àwọn tó ń yẹ ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba wò. Akọ̀wé gbà á, ó ní kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó padà lọ. Wọ́n ní fáìlì ò tíì jáde. Oṣù kejì, wọ́n ní ọ̀gá rin ìrìn àjò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tó débẹ̀, akọ̀wé rí i láti ẹnu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin náà ò sì ní sinmi?"

"Ọmọ kan ń sun búrẹ́dì nílùú tí kì í ṣe tirẹ̀," ni Eneida wí. Ó fa àga kan, ó jókòó sí iwájú tábìlì rẹ̀ gan-an. "Lọ wá fáìlì yẹn. Mo ti gbé oúnjẹ ọ̀sán mi dání."