Ológbò Màmá, Òdòdó Bàbá

Mo rántí ọdún tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí mílíìkì wọ́n bí ojú nílùú Ọ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Aráròmí Òbú kí nǹkan tó le, ni wọ́n bá mú mi wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta gàrí. Màmá ni mo ń pè é, mo sì ń pe ọkọ rẹ̀ ní Bàbá. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí àlejò bá dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí i.

Màmá fẹ́ràn ológbò rẹ̀, nítorí yàrá tí a ń sùn ni àpò gàrí wà, àwọn àgbà sì ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Bàbá ní tirẹ̀ fẹ́ràn òdòdó kan tó wà nínú ìkòkò ní pálọ̀. Akọ̀wé ìjọba ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí sójà ní kí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n dá òun náà dúró, òdòdó orí tábìlì rẹ̀ nìkan ló sì gbé wálé. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó ní tóótòòtó bí ẹni ta ẹfun sí i. Láti ìgbà náà, Bàbá kì í rẹ́rìn-ín mọ́, Màmá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ju “oúnjẹ ti wà nílẹ̀” lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan ilé náà á tú, wọn á sì dá mi padà sóko.

Òdòdó yìí gan-an ni ológbò máa ń fi eyín họ ṣeré.

“Kìlọ̀ fún ẹranko rẹ o!” Bàbá á pariwo. “Owó ìfẹ̀yìntì mi ló ń jẹ yẹn!”

“Ẹ jẹ́ ó jẹ ẹ́,” Màmá á dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. “Ó kúkú tó kí ẹnì kan rí i jẹ.”

Ní Sátidé ìmọ́tótó, èmi ni mo ń nu ewé náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan ṣẹ́, oje rẹ̀ ta sí mi lọ́wọ́, ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ìgbà tí mo bá ń bó kókò lóko. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé ìbátan kókò ni òdòdó yìí. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, èmi tí n kò lè bèèrè iyọ̀ sọ́bẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ológbò fi eré sílẹ̀, ó gé igi òdòdó náà jẹ. Kò pẹ́ tí itọ́ fi ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ ha ẹnu, tó sì ń gbo ojú mọ́lẹ̀.

“Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ o!” Màmá ké, ojú rẹ̀ sì wà lára Bàbá.

“Èmi kẹ̀? Èkúté olóògùn ló jẹ!”

Ìyá aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì sáré gbé epo pupa dé, nítorí lọ́dọ̀ wa, kò sí májèlé tí a kì í fi epo lé. Wọ́n di ẹsẹ̀ ológbò mú, wọ́n da epo sí i lọ́fun, ó ń wúkọ́, kò lè mí dáadáa. Mo rí i pé epo náà ni yóò pa á. N kò mọ ìgbà tí ohùn jáde lẹ́nu mi.

“Ẹ fi sílẹ̀! Òdòdó ló jẹ! Ó ń yún un lọ́fun bíi kókò tútù ni. Omi ni kí ẹ fi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní mílíìkì lá, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé lóko!”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. “Háà,” ìyá aránṣọ wí, “ṣé ohùn yìí ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí? Ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ rí mílíìkì?”

Bàbá wolẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, a gbọ́ tí àpótí dún, ó sì jáde pẹ̀lú agolo mílíìkì tó ti lu ihò méjì sí, tó fi bébà dí ojú rẹ̀.

“Ẹ gbà mí!” ìyá aránṣọ ké. “Bàbá tó ń mu tíì dúdú lójú gbogbo wa!”

“Wọ́n lé mi níbi iṣẹ́,” Bàbá wí pẹ̀lẹ́. “Kí ni ẹ fẹ́ kí n fi rẹ ara mi lẹ́kún?”

Ẹ̀rín ni Màmá kọ́kọ́ fẹ́ dì mú, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ológbò lórí itan rẹ̀, ni Bàbá náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ológbò lá mílíìkì, ó sùn, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ń wá orí ẹja kiri. Bàbá fúnra rẹ̀ gbé òdòdó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ológbò kò sí. Èmi hú ewé rinrin lẹ́bàá àmù, mo gbìn ín rọ́pò rẹ̀. Ológbò jẹ ẹ́ tán pátápátá, nǹkan kan kò ṣe é, rinrin sì tún hù.

Mo ti wà nílé ọkọ báyìí. Ìjọba sójà kan ti lọ, òmíràn ti dé. Bàbá kò rí iṣẹ́ akọ̀wé mọ́, ó ń bá Màmá wọn gàrí fún àwọn oníbàárà. Bí mo bá lọ kí wọn, n kì í tètè wọlé. Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.