Jíà Méje fún Òkè Iloffa

Japhet Ìbítóyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Osi, pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ní oṣù tó kọjá. Ó ti lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan tó pààrọ̀ jíà kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ eré-ìje tó ti ń gùn láti ọdún 1983. Jíà márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti di méje báyìí. Orúnkún kò dà á láàmú tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́, ó sì ń gun òkè Iloffa láìsọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ń rí i lójú ọ̀nà ń pa á lẹ́rìn-ín pé Tíṣà ti ń padà di ọ̀dọ́. Ó ń kí wọn, ó ń kọjá lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé láti ọjọ́ tí òun ti pààrọ̀ jíà náà, ìyàwó òun kò dá òun mọ̀ mọ́.

Ọmọ́bọ́lá ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́, ọmọ Iloffa. Ọdún kẹrin rèé tí iyè rẹ̀ ti ń rá. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tó yá, bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, á di ẹrù rẹ̀, á ní òun ń lọ sílé bàbá òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá a lójú títì. Ní ìgbà kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Bọ́sẹ̀dé, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ilé bàbá wọn, wá jókòó ti Japhet, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé tó ń wá kiri yìí, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ síbẹ̀." Wọ́n mú un lọ. Láti ọjọ́ náà, kò di ẹrù mọ́.

Ṣùgbọ́n Japhet kò lè bá a lọ. Ọkùnrin kì í kẹ́rù lọ gbé ilé àna. Ẹni tó ti fi ẹgba kọ́ ìdajì àwọn bàálé ilé tó wà ní Osi kò ní jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ káàkiri pé ilé àna ló ń sùn, ilé àna ló ń jí. Títí dòní, bó bá wọ agbo ilé náà, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tí ìyẹn á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú orúnkún ara rẹ̀. Lílọ àti bíbọ̀ ló kù fún un: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀, àti ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn.

Ó gun ọ̀kadà lọ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ́. Ọmọ́bọ́lá wò ó látòkèdélẹ̀, ó sì bi Bọ́sẹ̀dé léèrè pé ta ni wọ́n gbé wá. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, obìnrin náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kó tó dé.

"Bàbá Ọpẹ́, ẹ pẹ́ lónìí. Ṣé àwọn ọmọ iléèwé yẹn tún mú inú bí yín ni?"

Ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mú inú bí òun. Ó ti lé lọ́dún méjìlá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó jẹ́ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú obìnrin náà tún ṣófo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni Japhet ń torí rẹ̀ gun òkè.

Ó rò ó títí, ó sì gbà pé kẹ̀kẹ́ náà ni Ọmọ́bọ́lá ń rí tó fi ń dá òun mọ̀: ọ̀dà búlúù rẹ̀, agogo rẹ̀ tó ti dógùn-ún, àpò awọ tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà nísàlẹ̀ òkè, tí dókítà sì kìlọ̀ fún un, kò gbà kí ọmọ rẹ̀, Ọpẹ́olúwa, tó wà ní Ìlọrin, ra kẹ̀kẹ́ tuntun fún òun.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ yín yìí dàgbà jù mí lọ," ni Ọpẹ́olúwa wí lórí fóònù.

"Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́ràn jù ọ́ lọ."

Wọ́n fẹnu kò pé kí ara kẹ̀kẹ́ wà bó ṣe wà, kí wọ́n kàn fi jíà kún un. Ọpẹ́olúwa fi jíà eléyín méje ránṣẹ́, èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó fi ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti irin tó ń gbé ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sórí èkejì kún un.

Zulkifli, tó ń tún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ṣe ní Osi, fi odindi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ náà, Japhet sì jókòó tì í. Jíà àtijọ́ kò fẹ́ kúrò lára wíìlì. Ìpẹtà ogójì ọdún ti so wọ́n pọ̀ bí ìyekan. Wọ́n ta epo sí i, wọ́n yá iná sí i, kò gbọ́. Nígbẹ̀yìn, Zulkifli fi òòlù àti irin ṣóńṣó tú inú rẹ̀ palẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀lù wínníwínní fọ́n sílẹ̀ bí èso ilá, irin kékeré méjì tó wà láàárín wọn sì kán.

"Bàbá Tíṣà, àwọn wọ̀nyí ló ń pariwo tẹ̀ lé yín láti ọjọ́ yìí," ni Zulkifli wí. "A ti gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

Japhet rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kò fẹ̀ tó láti gba jíà méje, nítorí náà Zulkifli fi bóòtù gígùn kan tì í síta díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n, ó tún ń tì í. Ó kún inú jíà tuntun náà ní gírísì dáadáa. Nígbà tí ó parí, kẹ̀kẹ́ náà ń yí bí omi tó ń ṣàn lórí àpáta.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ó kọ́kọ́ gùn ún lọ. Ó gun òkè náà dé orí, kò sọ̀kalẹ̀, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó wọ agbo ilé, Ọmọ́bọ́lá jókòó lórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Japhet lu agogo. Obìnrin náà yíjú padà, ó wo kẹ̀kẹ́ náà, ó wo ọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ta ni ẹ ń bèèrè?"

Lọ́jọ́ Ajé, bákan náà. Ní Ọjọ́bọ̀, bákan náà. Bọ́sẹ̀dé ló wá sìn ín sọ́nà, tó sì dúró nígbà tí wọ́n dé ìdí igi irúgbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ẹ tó yọ rárá, láti ibi iléèwé lọ́hùn-ún, ló ti máa ń wí fún wa pé ẹ ti dé. Àwa ò tíì rí nǹkan kan. Ariwo kẹ̀kẹ́ yín ló ń gbọ́, nígbà tí ẹ bá dá ẹsẹ̀ dúró, tó ń yọ̀ bọ̀ fúnra rẹ̀. Kò gbọ́ ọ mọ́."

Japhet di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ń ti iléèwé bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yọ̀ bọ̀ wá sílé fúnra rẹ̀, tí jíà á máa ké lẹ́yìn rẹ̀. Inú ilé ìdáná ni Ọmọ́bọ́lá máa ń wà. Kì í wò ó. Ó ń bu oúnjẹ ni.

Ó padà lọ bá Zulkifli lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi kẹrosíìnì fọ gírísì inú jíà kúrò, ó sì yí wíìlì. Ó ké, ṣùgbọ́n ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi ti ìrẹ̀. Wọ́n wá èyí àtijọ́ lọ sórí ààtàn. Àwọn tó ń ṣa irin àlòkù tà ti kó o lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bọ́sẹ̀dé ní bó ṣe ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n òun gbé orí sókè, ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ó tún sorí kọ́.

Lánàá, ọjọ́ Ajé, ó bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ó jókòó, ó bù nínú rẹ̀, ó ń bó o pẹ̀lú rẹ̀.

"Ọwọ́ yín yá," ni Ọmọ́bọ́lá wí. "Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ le."

"Ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó máa dá wà." Ó gbọn èèpo kúrò lórí ìró rẹ̀. "Ó wù mí kí ẹ mọ ọkọ mi. Tíṣà ni òun náà, ọ̀rọ̀ yín á wọ̀. Ṣùgbọ́n kì í sí nílé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Mà á sọ fún un kó dúró dè yín."

Japhet ní òun á wá.

Ọ̀tunla ni Ọjọ́bọ̀. Bọ́sẹ̀dé ti tẹ̀ ẹ́ láago láàárọ̀ yìí pé Ọmọ́bọ́lá kò gbàgbé. Ó ti ní kí wọ́n gbé àga méjì síta, kí wọ́n sì se iṣu tó máa tó ọkùnrin méjì.