Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Ṣe Ọ̀wẹ̀ Àna Rẹ̀ Sórí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé, lọ́dún tí ìjọba ní ilé ìwé ti di ọ̀fẹ́. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, nítorí náà bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kí ẹ bá wí o!

Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pe àwọn àgbà inú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kí ó má bàa dàrú mọ́ yín lójú, "ó" ni n óò máa lò. Wọ́n á dárí jì mí.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, Bùráímọ̀, ní Ìlobù. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, ọkọ́ ti wà léjìká nìyẹn. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, igi ìdáná ìyàwó rẹ̀ ló máa ń rù bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ti fún un ní nǹkan jẹ. Á rẹ́rìn-ín, á ní ṣebí òun náà ń jẹ nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi igi yẹn sè.

Ìfọ́n ló ti fẹ́ ìyá mi. Ìyá ìyá mi sì ti ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí n máa bá òun ṣe irú. Bàbá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìfọ́n, ti fọwọ́ sí i. Ó ní kí lọmọbìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe? Bàbá mi ní tirẹ̀ fẹ́ kí n lọ sílé ìwé, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ta ló máa ko àna rẹ̀ lójú?

Ó wá rò ó pé ọ̀wẹ̀ ọdún yẹn ni òun máa fi tọrọ mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣé ẹ mọ ọ̀wẹ̀? Ọkọ ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ bá bàbá ìyàwó kọ ebè lóko, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí inú àna bá dùn sí i, ọkọ ọmọ rẹ̀ lè tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá Ìfọ́n ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ kí wọ́n kọ wà lápá ọ̀tún àwọn igi pèrègún tí wọ́n fi pààlà. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní ó ti yé òun. Ṣé ó yé e lóòótọ́? Ọ̀tún ẹni tó bá ti Ìfọ́n wá sí oko yẹn, òsì ẹni tó ti Ìlobù wá ni! Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó ṣe òun bíi kí òun béèrè, àmọ́ ojú ń ti òun láti máa da ìbéèrè bo àna òun.

Bí ogún ọkùnrin ni wọ́n lọ láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí èmi àti ìyá mi fi máa gbé iyán dé, ebè ti lọ salalu. Bàbá mi ń làágùn, inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà náà ni Bàbá Ìfọ́n yọ.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Bùráímọ̀, ṣé Ògúndélé ló fún ẹ níyàwó ni?"

Yéè! Ilẹ̀ Ògúndélé ni wọ́n kọ! Arúgbó yìí ló ní oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Ìfọ́n, àwọn méjèèjì ò sì kí ara wọn mọ́ láti ìgbà tí ewúrẹ́ ọ̀kan ti jẹ ẹ̀gẹ́ èkejì. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. Bàbá Ìfọ́n ò fọwọ́ kan iyán, ó yí padà sílé. Ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi náà ń sunkún, torí mo mọ̀ pé ilé ìwé mi ti lọ nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ò lè tún ọ̀wẹ̀ ṣe, oko tiwọn ń dúró dè wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan gbé ọkọ́, ó padà lọ kọ ilẹ̀ Bàbá Ìfọ́n gan-an. Iṣẹ́ ogún ènìyàn! Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ó ṣì ń lọ. Àwọn kan ní kó ṣọ́ra, pé ó kúkú mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, pé Ògúndélé lè rò pé ó fẹ́ gba ilẹ̀ òun ni. Ó ní òun ti gbọ́. Ó tún lọ.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ fún un. Àfi bí mo ṣe rí arúgbó kan tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn fi ọkọ́ kọ́ èjìká. Ògúndélé ni. Ó ti ìrìn àjò dé.

"Ta ló kọ ebè sórí ilẹ̀ mi?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ṣi ilẹ̀ àna mi mọ̀ ni." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó ní bí Bàbá bá fẹ́, òun á tú ebè náà ká.

Arúgbó wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín! Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ọkọ ọmọ òun, kò sí èyí tó ṣe irú ọ̀wẹ̀ báyìí fún òun rí. Ló bá tutọ́ sọ́wọ́, ó bọ́ sórí ilẹ̀ Bàbá Ìfọ́n, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ ebè.

Bàbá Ìfọ́n gbọ́, ó sáré dé. Ó ní, "Ògúndélé, o kú iṣẹ́ o."

Ògúndélé ní, "Ọmọ rẹ ló ṣiṣẹ́ fún mi. Ṣé kí n wá káwọ́ gbera ni?"

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n jẹ gbogbo oúnjẹ tí mo gbé wá, wọn ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún bàbá mi! Bàbá Ìfọ́n wá bi í pé kí ló fẹ́ gan-an. Bàbá mi ní kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwé ni. Bàbá mi ni wọ́n fẹ́ kí n lọ sílé ìwé."

Bàbá mi fojú bá mi wí. Bàbá Ìfọ́n ní òun fúnra òun máa bá ìyá àgbà sọ ọ́, pé àwọn á wá ẹlòmíràn tó máa bá a ṣe irú.

Ọjọ́ kejì ni bàbá mi mú mi lọ forúkọ sílẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n ní kó tẹ̀ka. Ó tẹ̀ ẹ́, àbàwọ́n dúdú lásán ló hàn. Tíṣà ní kó tún un tẹ̀. Bákan náà! Ló bá yí ọwọ́ bàbá mi wò. Ọkọ́ ti bó gbogbo rẹ̀. Tíṣà kọ orúkọ mi síwájú àbàwọ́n náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé bàbá mi ṣàṣìṣe lójú gbogbo ayé, kò di ẹ̀bi ru ẹnì kankan, ó kàn padà lọ ṣe iṣẹ́ náà. Mo ti lo ìyẹn nínú ayé mi, ó sì gbè mí.

Bàbá tiyín ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe fún yín tí ẹ ò lè gbàgbé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn mọ́ ọn. Tèmi ń jẹ́ Bùráímọ̀, àgbẹ̀ Ìlobù.