Ohùn Tó Pè Mí Nídìí Àwo Morẹ́nikẹ́

Morẹ́nikẹ́ ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní àǹtí níbí. Ìṣojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, etí mi ló sì gbọ́ ọ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni ní kẹ́mísírì. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń sá fún òjìji. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nílé bàbá wa ní Ifọ̀, Morẹ́nikẹ́ gba àwo orin kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti ìlú òyìnbó dé. Ìgbì tuntun ni wọ́n ń pe irú orin náà nígbà yẹn. Gìtá rẹ̀ tín-ín-rín bíi wáyà, ìlù rẹ̀ ń sáré, ọkùnrin tó ń kọ ọ́ sì ń ké bí ẹni tí òtútù ń pa. Lọ́jọ́ tí bàbá lọ sí ìpàdé ìjọ, àwa méjèèjì ti ilẹ̀kùn, a jó o títí òógùn fi bò wá.

Ìgbà tó yá, bàbá rí páálí àwo náà: ọkùnrin òyìnbó mẹ́rin tí wọ́n lé tìróò, tí wọ́n kun ètè.

"Ta ló ni ín?"

Morẹ́nikẹ́ nawọ́ sí mi. "Àbẹ̀kẹ́ ni, Bàbá. Àwọn ọmọ burúkú ló ń bá rìn."

Èmi ni bàbá fẹ́ rán lọ kàwé nílùú òyìnbó tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, Morẹ́nikẹ́ ló lọ. Èmi lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni.

Ogójì ọdún ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó kú sọ́hùn-ún lọ́dún tó kọjá. Mi ò lọ síbi ìsìnkú, mi ò sì sunkún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ rẹ̀ fi páálí kan ránṣẹ́ sí mi ní Mowé. Àwo yẹn ló wà nínú rẹ̀. Mo yẹ àpò rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: pé ó purọ́ mọ́ mi. Mi ò rí nǹkan kan.

Mo gbé gírámafóònù àtijọ́ mi lọ sọ́dọ̀ Ràṣákì tó ń tún rédíò ṣe ní Ìbàfò. Ó wo àwo náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń gbọ́ irú eléyìí? Mo rò pé orin ìjọ lẹ máa gbé wá."

"Abẹ́rẹ́ ni kí o pààrọ̀. Mi ò ní kí o wàásù."

Ọ̀sán Sátidé ni, oòrùn mú ganrínganrín. Iná dé, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ kórìíra orin náà. Àmọ́ bí gìtá yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ mi ti ń lu ilẹ̀.

Níbi orin kẹta ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ náà ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìlù. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé tó ń pàtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo pa fáànù, bóyá òun ló ń dún. Kò dúró. Òórùn pòmáàdì Morẹ́nikẹ́ gba gbogbo pálọ̀. 

Ojú kìn-ín-ní àwo náà parí. Abẹ́rẹ́ ń ha lásán, ṣàá, ṣàá. Nínú híha yẹn ni ẹnì kan ti pè mí, jẹ́jẹ́:

"Àbẹ̀kẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí a kò bá rí ojú ẹni tó pè wá, a kì í dáhùn. Ìyá wa ti fi ìyẹn kọ́ wa kí a tó mọ A, B, D. Ẹni tó bá dá òkú lóhùn lè bá a lọ. Mo pa ẹnu mọ́.

Ó tún pè mí. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi tó ń dùn mí ti kanlẹ̀, bí àbúrò ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n.

"Mà, Àǹtí mi."

Ó sọ̀rọ̀. Ẹ ní sùúrù, n ó sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì, ayálégbé mi, ni.

"Mọ́mì, ẹ kú àlejò o! Kí lẹ̀yin àti àlejò yín ń rẹ́rìn-ín sí tó báyìí?"

"Àlejò wo?"

"Hà, Mọ́mì! Ẹ̀yin méjì ni mo gbọ́."

Mo bojú wẹ̀yìn. Àga ṣófo. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò lè sọ ohun tó wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ náà. Bí ohùn tí ẹ kò rí ojú rẹ̀ bá pè yín nídìí àwo òkú, mo bẹ̀ yín, ẹ má dáhùn. Èmi ti dáhùn ná, mi ò sì mọ ibi tó máa já sí. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì tíì dé; àwo náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn fọnfọn, mo sì ń retí kí iná dé, nítorí ohun tí Morẹ́nikẹ́ sọ fún mi nìyí:

"Èmi ni mo ni ín, Àbẹ̀kẹ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ. Dìde, yí i sí ojú kejì, ká jó."